Ìbọn Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ fún Alágbàfọ̀

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí wọ́n ń bú jù lọ ní òpópónà tó kọjú sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà. Alágbàfọ̀ ni. Oníbàárà á kó aṣọ wá lọ́jọ́ Ajé, á ní òun fẹ́ gbà á lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àfi bí ẹni pé òjò kì í rọ̀, iná kì í lọ, ọwọ́ mẹ́rin sì ni Ọlọ́run fi dá alágbàfọ̀. Bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá pé tí aṣọ ò tíì gbẹ, èébú dé nìyẹn. Tíṣà àgbà kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé ojúlówó èébú ni tirẹ̀, èébú tó ní ìbẹ̀rẹ̀, tó ní àárín, tó sì ní ìparí. Alágbàfọ̀ á kàn máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ má bínú, sà, ọ̀la ni," á sì tún wọ́n omi sára aṣọ tó wà níwájú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, iwájú ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ló wà: tábìlì ìlọṣọ tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bò, áyọ̀ọ̀nù méjì tí ọ̀kan ń gbóná tí èkejì ń sinmi, ike sítáàṣì, àti irin gígùn tí wọ́n fi aṣọ ẹni ẹlẹ́ni kọ́ láti ògiri dé ògiri.

Ọkùnrin yìí ní ìwà kan tí kò sẹ́ni tó lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò lè gba ìdọ̀tí. Bó bá rí àbàwọ́n lára nǹkan, kò ní jẹun, kò ní sùn, àfi kó pa á rẹ́. Ìyàwó rẹ̀, tó ń pè ní Adúmáadán láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra wọn sọ́nà, máa ń sọ pé bí ọkọ òun bá dé ọ̀run, ọrùn aṣọ àwọn áńgẹ́lì ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò, yóò ní, "Ẹ bọ́ ọ, ẹ jẹ́ n bá yín fi omi ṣàn án."

Ọdún yẹn ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kú, àgbàlagbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Olóko. Àwọn ọmọ Bàbá pín ilé, wọ́n pín oko, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ara wọn láṣọ lórí ààlà tó wà láàárín ìpín àkọ́bí àti ti àbúrò tó tẹ̀ lé e. Ó wá ku ìbọn kan tí Bàbá fi máa ń lé àwọn ẹranko tó ń ba oko jẹ́. Kí Bàbá tó kú, ó ti wí fún wọn lórí ibùsùn pé, "Ẹ gbé ìbọn mi fún Alágbàfọ̀." Wọ́n rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀. Bàbá tún un sọ. Àkọ́bí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Gìrìgìrì nítorí pé kì í rìn wọlé, sísáré ni í sáré wọ̀ ọ́, bi í pé kí ni alágbàfọ̀ fẹ́ fi ìbọn ṣe, ṣé ṣòkòtò ni yóò máa yìn ín lù ni? Bàbá ní, "Nínú gbogbo yín, òun nìkan ni mi ò rí kó bínú rí." Ó kọjú sí ògiri, ọ̀rọ̀ parí.

Báyìí ni Alágbàfọ̀ ṣe fi bẹ́ẹ̀dṣíìtì wé ìbọn, tó wọ mọ́tò èrò, tó gbé e sáàárín itan méjèèjì, tó sì ń bá àwọn tó jókòó tì í sọ̀rọ̀ òjò títí tó fi délé. Kò mọ̀ pé òun ti rú òfin láti ìgbà tí mọ́tò ti gbéra.

Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló gbé e sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìbọn kì í ṣe abẹ́rẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo òpópónà ti gbọ́, nǹkan ìyanu sì ṣẹlẹ̀: èébú dáwọ́ dúró. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Tíṣà àgbà wá gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò rí i gbà, ó ní, "Kò burú, Ọ̀gá. Ìgbàkígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn." Ọ̀gá! Ẹnikẹ́ni kò pe Alágbàfọ̀ ní ọ̀gá rí láti ọjọ́ tó ti dáyé, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mọ́ ọn dé eegun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọrùn sókè. Níbi tó ti máa ń sọ pé, "Ẹ má bínú," ó wá ń sọ pé, "Ẹ ṣì máa dúró ná." Lọ́jọ́ kan, obìnrin oníbàárà kan kàn bi í léèrè gáùn rẹ̀, Alágbàfọ̀ la ọwọ́ mọ́ tábìlì, gbàá! Obìnrin náà sá jáde láìgba gáùn.

Adúmáadán ń wo gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe obìnrin aláriwo. Lọ́jọ́ Àìkú kan ó wọ yàrá, ó sì bá ọkọ rẹ̀ níwájú dígí, ìbọn léjìká, ó fẹ àyà, ó ń wo ara rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó ń wo ara rẹ̀ lápá òsì.

"Ta lo fẹ́ yìn ín lù?"

"Kò sí o. Mo kàn ń wò ó bóyá ó ti dọ̀tí ni."

"Ìwọ lo dọ̀tí," ni Adúmáadán wí. Ó fa báàgì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ sí i. "Ọkùnrin tí mo fẹ́ kì í la ọwọ́ mọ́ tábìlì. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń lọ. Ọjọ́ tí ìbọn yìí bá di ti ẹlòmíràn pátápátá, tí kò lè padà wá mọ́, pè mí. Bí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, má wulẹ̀ pè mí."

Ó rò pé àwàdà ni. Alẹ́ lẹ́, ó ṣì rò pé àwàdà ni. Ìgbà tó wá ń fi búrẹ́dì gbígbẹ ṣe oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ lórí tábìlì ìlọṣọ, ó yé e pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àwàdà. Ilé dákẹ́ débi pé ó ń gbọ́ bí áyọ̀ọ̀nù ṣe ń tutù. Ó fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ padà wálé. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ débi pé ó ń lọ àwọn aṣọ tí ìyàwó náà fi sílẹ̀ ní àlọtúnlọ. Ó pinnu pé òun yóò ta ìbọn.

Ọ̀dọ̀ Sájẹ́ntì ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Sájẹ́ntì yìí ló ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn ní tẹ́ṣàn, oníbàárà rẹ̀ sì ni, ẹni tó fẹ́ kí ojú ìlọ̀ ṣòkòtò òun mú tó èyí tí wọ́n lè fi gé ọṣẹ. Alágbàfọ̀ jẹ́ kó gba yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ tán, ó wá wúkọ́.

"Sájẹ́ntì, ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n bá òun bi yín o. Ó jogún ìbọn, ó sì fẹ́ tà á."

Sájẹ́ntì wò ó. Ó wo kọ́tìnnì tó bo ẹnu ọ̀nà yàrá. Ó tún wò ó. "Ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, ṣé ó ní láísẹ́ńsì?"

"Ẹni tó kú ló ní in."

"Láísẹ́ńsì kì í ṣe ilé, wọn kì í jogún rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹni tó ni ín kú ni òun náà kú. Ó yẹ kí ọ̀rẹ́ rẹ ti wá fi tó wa létí láti ìgbà náà, kó mú ìwé ẹ̀rí ikú àti láísẹ́ńsì òkú dání. Ṣé kò ṣáà gbé e rìn káàkiri?"

Alágbàfọ̀ rántí mọ́tò èrò. Òógùn bò ó. "Bóyá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, sà."

"Kó má gbé e mọ́. Kó yọ ọta inú rẹ̀, kó ti ìbọn mọ́ ibì kan, kó ti ọta mọ́ ibòmíràn. Bó bá fẹ́ tà á, kì í ṣe ẹni tó bá ṣáà ti rí ni yóò tà á fún. Ìyá Oníbọn tó ní ṣọ́ọ̀bù, tí ìjọba fún láṣẹ, lè rà á, tàbí ẹni tó ní láísẹ́ńsì tirẹ̀ lọ́wọ́, tí àwa náà sì ti fọwọ́ sí i. Bí kò bá fẹ́ wàhálà rárá, kó fà á lé wa lọ́wọ́, kó máa lọ sílé rẹ̀."

"Bó bá wá jẹ́ pé ẹbí rẹ̀ ló fẹ́ rà á ńkọ́?"

"Ẹbí kì í ṣe láísẹ́ńsì. Bó bá tà á fún ẹbí rẹ̀ láìgbàṣẹ, àwọn méjèèjì ni yóò jọ máa fọ aṣọ ẹ̀wọ̀n." Sájẹ́ntì fi yúnífọ́ọ̀mù kọ́ apá. "Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì láti wá wo ìbọn náà, kí n kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sílẹ̀. Ilé rẹ níbí ni n ó ti bá a. Kó sì bá mi kí ìyàwó rẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n tó wà."

Kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, Gìrìgìrì sáré wọlé. Ó ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta ìbọn. Ó da owó sórí tábìlì ìlọṣọ, owó gidi tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé ó kéré.

"Gbé e wá," ni ó wí. "Mọ́tò ń dúró dè mí níta."

"Ṣé ẹ ní láísẹ́ńsì, ẹ̀gbọ́n?"

"Láísẹ́ńsì ti kí ni? Bàbá tó bí mi ló ni ìbọn! Ta ló ń bi ọ́ léèrè láísẹ́ńsì?"

"Sájẹ́ntì ni."

"Ta ló máa sọ fún un? Wò ó, mo gbọ́ pé ìyàwó ti lọ. Bí mo bá gbé ìbọn yìí báyìí, ìyàwó rẹ á wà níbí kí ilẹ̀ tó ṣú. Àbí búrẹ́dì ló wù ọ́ kó o máa jẹ títí ọjọ́ alẹ́?"

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, ọ̀rọ̀ náà wọ Alágbàfọ̀ lára. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ìbọn á di ti ẹlòmíràn, Adúmáadán á wálé, gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀ kò ju kí èèyàn sún kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ó tiẹ̀ dìde. Ó ti dé ẹnu kọ́tìnnì kó tó gbọ́ tí Gìrìgìrì ń dá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ká wá wo ẹni tí yóò tún gbé ẹsẹ̀ kọjá ààlà mi."

Alágbàfọ̀ dúró. Àbúrò tí wọ́n bí lé Gìrìgìrì ló wà lódì kejì ààlà yẹn, ọmọ bàbá kan náà, tí Gìrìgìrì pẹ̀lú rẹ̀ jọ jẹun nínú abọ́ kan. Ẹ̀rù bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù ọlọ́pàá, ẹ̀rù gidi ni. Ó wá yé e wàyí ìdí tí Bàbá Olóko fi kọjú sí ògiri.

Ó padà sídìí tábìlì, ó kó owó náà jọ, ó to etí rẹ̀ dọ́gba bí ẹni tó ń to áńkáṣíìfù, ó sì dá a padà. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní lè tà á fún yín."

Gìrìgìrì bú u. Èébú Tíṣà àgbà, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bú iṣẹ́ rẹ̀, ó bú orí rẹ̀, ó bú áyọ̀ọ̀nù méjèèjì, ó sì sáré jáde bó ṣe sáré wọlé. Alágbàfọ̀ mú èyí tó gbóná nínú méjèèjì, ó ń lọṣọ rẹ̀ lọ.

Ká ní ó sùn ni lẹ́yìn èyí, wàhálà ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n ìjọba ń bọ̀ wá kí i nílé, ó sì gbé ìbọn jáde lọ́jọ́bọ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó rí ìpẹtà. Ó rí ọ̀rá àtijọ́. Ó rí ibì kan lápá òsì, nídìí ọ̀pá irin rẹ̀, tí nǹkan dúdú ti há sínú àwọn ìlà wẹ́wẹ́ bí ẹrẹ̀ tó há sí àránpọ̀ ṣòkòtò. Ara rẹ̀ kò gbà á. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹrù kan kò fi ìdọ̀tí jáde lọ́wọ́ rẹ̀ rí, ṣé orí èyí tí ìjọba fẹ́ wá wò ló ti máa bẹ̀rẹ̀? Ó mú sáńpépà tó fi ń họ ìdí áyọ̀ọ̀nù, ó mú kẹrosíìnì, ó ká apá aṣọ. Ó gbo ó, ó nù ún, ó tún gbo ó. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ yẹn ṣagídí díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè lágídí ju ọtí pupa lára aṣọ funfun lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, irin náà ń dán débi pé èèyàn lè fi wo eyín. Ó kọrin lọ sùn.

Sájẹ́ntì dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó gbé ìbọn, ó yẹ inú rẹ̀ wò pé kò sí ọta, ó yí i sápá òsì, ó yí i sápá ọ̀tún, ó tún yí i padà.

"Nọ́ńbà ìbọn yìí dà?"

"Nọ́ńbà wo, sà?"

"Èyí tí wọ́n fín sára rẹ̀ níbí. Ó máa ń rí bí ìlà wẹ́wẹ́."

Alágbàfọ̀ na ọwọ́ sí sáńpépà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ̀ọ̀nù. "Mo fọ̀ ọ́."

Sájẹ́ntì jókòó sórí àga láìjẹ́ pé wọ́n fi lọ̀ ọ́. "O fọ̀ ọ́."

"Ó dọ̀tí ni, sà."

"Ṣé o mọ àwọn tó máa ń pa nọ́ńbà ìbọn rẹ́? Adigunjalè ni wọ́n. Ìbọn tí kò ní nọ́ńbà, kò ní bàbá, kò ní ìyá. Ìyá Oníbọn ò lè rà á, ẹnikẹ́ni ò lè rà á, ẹni tí wọ́n bá sì bá a lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni." Ó wo ojú Alágbàfọ̀, ó wo bí irin ṣe ń dán, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu, bóyá ẹ̀rín ni o, bóyá ìbànújẹ́ ni o. "Sáńpépà! Bí mo bá kọ ọ́ báyìí, ta ni yóò gbà mí gbọ́?"

Ó kọ risíìtì fún un, ó gbé ìbọn àti ọta lọ sí tẹ́ṣàn. Ó ní kó wá lọ́jọ́ Ajé, kó kó àwọn ìwé òkú wá, kó sì mú àgbàlagbà kan tó ń bá a gbé nínú ilé dání, nítorí pé ẹni náà ni yóò fọwọ́ sí i pé kò sí ìbọn tàbí ọta mìíràn tó ṣẹ́kù síbẹ̀. Òun yóò pe Ìyá Oníbọn kó wá wò ó. "Gbàdúrà," ni ó wí, ó sì lọ.

Àgbàlagbà wo ló tún ń bá Alágbàfọ̀ gbé bí kò ṣe ẹni tó ti kó jáde? Ó pe Adúmáadán lórí fóònù, ó rò gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ìkankan pamọ́. Adúmáadán bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí fóònù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"N ó wá fọwọ́ sí i," ni ó wí nígbà tó rí fóònù mú, "kí wọ́n má baà tì ọ́ mọ́lé. Ṣùgbọ́n wíwá sí tẹ́ṣàn kọ́ ni wíwá sílé o. Ohun tí ọlọ́pàá gbé lọ ṣì lè padà wá."

Lọ́jọ́ Ajé wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà nínú ọ́fíìsì Sájẹ́ntì, àyè tó wà láàárín wọn sì tó ẹni méjì í jókòó sí. Ìyá Oníbọn dé, arúgbó obìnrin tó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn, tó gbé àpótí irinṣẹ́ dání. Ọkọ rẹ̀ ló fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un, tí òun fúnra rẹ̀ sì gba àṣẹ tuntun lórúkọ ara rẹ̀. Ó gbé ìbọn, ó wò ó, ó ṣí awò, ó tún wò ó.

"Ta ló ṣe irú èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Bí ọkọ mi bá wà láyé, ì bá gbà ọ́ síṣẹ́. Tó bá di ọ̀sán, ì bá lé ọ." Ó mú irinṣẹ́, ó tú igi tó gbé ọ̀pá irin náà dúró. "Àwọn tó ń ṣe ìbọn mọ̀ pé olè wà láyé. Wọn kì í fín nọ́ńbà sójú kan."

Nígbà tí igi ṣí kúrò, nọ́ńbà wà lábẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, ọ̀rá dúdú bò ó pitimu. Sájẹ́ntì gbé láísẹ́ńsì òkú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bára mu. Inú Alágbàfọ̀ dùn, ó fò dìde, ó fa áńkáṣíìfù yọ lápò. "Ẹ jẹ́ n bá yín nu ọ̀rá yẹn kúrò, ẹ ó lè rí i dáa..."

"Má fọwọ́ kàn án!" Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pariwo mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó jókòó. Sájẹ́ntì wá fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. "Kí a tó kọ ọ́ pé o tà á, ojúṣe mi ni kí n sọ fún ọ pé ọ̀nà kan ṣì wà. O ò dáràn rí, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́ mọ́ iṣẹ́ rẹ. O lè béèrè fún láísẹ́ńsì tìrẹ. Èmi fúnra mi yóò bá ọ jẹ́rìí. Bí wọ́n bá fún ọ, ìbọn á padà sílé rẹ, òfin ò sì ní bi ọ́ pé kí ló dé."

Adúmáadán gbójú sókè, ó ń wo fáànù.

Ó wu Alágbàfọ̀. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó wù ú gan-an. Ó rántí bí Tíṣà àgbà ṣe rẹ ohùn sílẹ̀, bí ọ̀rọ̀ yẹn, Ọ̀gá, ṣe ń dún létí. Bí wọ́n bá gba ìbọn yìí, wọ́n á máa bú u títí yóò fi kú, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún rántí gáùn obìnrin yẹn. Ó ṣì wà lórí irin nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti fi láílọ́ọ̀nù bò ó, obìnrin náà kò sì wá gbà á. Obìnrin kan ń bẹ̀rù rẹ̀, láìṣẹ̀, láìrò. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná.

"Ìyá, ẹ bá mi rà á," ni ó wí.

Ìyá Oníbọn kọ tirẹ̀, Alágbàfọ̀ fọwọ́ sí tirẹ̀, Sájẹ́ntì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá Oníbọn gbé ìbọn sínú àpótí gígùn, ó tì í pa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sí àyà.

"Ẹ̀yin ló kàn, mà," ni Sájẹ́ntì wí fún Adúmáadán. "Ṣé ìbọn tàbí ọta kankan ṣẹ́kù nínú ilé?"

"Kò sí. Mo yà síbẹ̀ láàárọ̀ kí n tó wá. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mo wo inú ike sítáàṣì pàápàá. Mi ò jókòó o."

Sájẹ́ntì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé bírò dúró. Ó mọ ọ̀rọ̀ ilé náà bí gbogbo òpópónà ṣe mọ̀ ọ́n, kò sì lè ṣe kó má béèrè. "Ẹ forí jì mí, mà. Ẹni tí kò bá gbé inú ilé náà kò lè fọwọ́ sí i. Níbí, wọ́n béèrè ibi tí ẹ ń gbé. Kí ni kí n kọ?"

Alágbàfọ̀ fẹ́ wo ojú ìyàwó rẹ̀, kò lè wò ó. Ìyá Oníbọn, tó ti gbé àpótí dé ẹnu ọ̀nà, dúró. Adúmáadán wo ọkọ rẹ̀, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, bí èèyàn ṣe ń wo aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà padà kó tó sanwó.

"Kọ ilé ọkọ mi," ni ó wí. "Ibẹ̀ ni mò ń gbé."

Alágbàfọ̀ bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn.